Wọ́n Ní Ọmọ Àwọn Ni Mí

Kétu ni mo ti wá. Kì í ṣe Kétu ti ẹ̀gbẹ́ Mile 12 o. Kétu Alákétu ni mò ń wí, tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ilẹ̀ tí àwọn ará Èkó kàn máa ń pè ní Kùtọnu bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ló wà lọ́hùn-ún. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn èèyàn Fẹ́sítákì títí ó fi sú mi. Ẹni tí mo bá ṣàlàyé fún á mi orí, á ní òun ti gbọ́, lẹ́yìn náà á wá bi mí pé ṣé tòmátì ti wọ́n ní Mile 12. Mo ti gbà fún wọn. Mo máa ń ní ó ti wọ́n.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú nígbà tí mo dé kì í ṣe ìyàtọ̀, ìjọra ni. Mo ti múra sílẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Mo ti sọ fún ara mi pé màá máa rọra sọ̀rọ̀, pé màá máa fọwọ́ júwe ohun tí n kò bá mọ orúkọ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ rẹ̀ wí lẹ́yìn fèrèsé mi. Gbogbo èébú tí ìyá mi máa fi ń bú mi ló kó lé ọmọ náà lórí, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rẹ́rìn-ín, ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni ẹkún gbà mí. Ká ní èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ ni, ǹ bá mọ̀ pé mo ti kúrò nílé, ǹ bá sì gba kámú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ìyẹn le.

Ìyàtọ̀ tó wà, kéékèèké ni. Búrẹ́dì wọn rọ̀, ó sì dùn bíi kéèkì. Tiwa gùn, ó le, ó máa ń dún bí èèyàn bá dá a sí méjì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bù mọ́ Yorùbá tiwọn, Faransé làwa ń bù mọ́ tiwa. Èyí tó kó ìtìjú bá mi jù ni ìkíni. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tó bá pàdé àgbà láàárọ̀ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni, kí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tó ń ṣọ́ géètì àdúgbò wa. Bàbá náà fò sẹ́yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní òun ò ní ṣéńjì.

Àǹtí Uju, ẹni tó gbà mí síṣẹ́, ń wò mí láti òkè. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Àbúrò, dìde jàre! Níbí, tẹrí ba díẹ̀, ó ti tó. Ṣé ìwọ lo máa fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn àbí èmi?"

Ọmọ Ígbò ni Àǹtí Uju. Fẹ́sítákì ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí orúkọ wọn jáde nígbà tí ìjọba ń pín àwọn ilé ibẹ̀ fún ará ìlú, lẹ́yìn àjọ̀dún ńlá tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ wọn. Inú ilé yẹn ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti tọ́jú ìyá rẹ̀ títí ìyẹn fi kú, ibẹ̀ náà ló sì sọ di ilé tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń wọ̀ sí. Yorùbá rẹ̀ yára ju tèmi lọ. Ó ní èmi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka Bíbélì lórí pẹpẹ. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ná ọjà ní Àgbójú, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá kẹ̀kẹ́ dúró, òun náà ló sì kọ́ mi pé bí ẹni tí n kò mọ̀ bá pè mí ní "ẹ̀gbọ́n" láàárín ìgboro, kí n kọ́kọ́ di fóònù mi mú kí n tó dáhùn.

Faransé tí mo gbọ́ ló jẹ́ kó gbà mí. Àwọn àlejò máa ń wá láti Paris, láti Martinique, láti Kùtọnu náà. Wọ́n á ní àwọn ń lọ wo Badagry, wọ́n á sì sùn sọ́dọ̀ wa. Èmi ni mò ń fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, èmi ni mò ń po tíì, èmi ni mò ń mú wọn rìn kiri, èmi náà ni mò ń túmọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń pè mí. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Ṣé wọ́n ti mọ̀ ọ́ níbẹ̀?" Kì í bèèrè bóyá mo jẹun, kì í bèèrè ohun tí mo rí kó jọ. Èmi á ní wọ́n ti ń mọ̀ mí. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan dá mi dúró ní Kuje tó wà nítòsí Fẹ́sítákì, tó ní kí n júwe ọ̀nà Trade Fair fún òun, tí mo sì júwe rẹ̀ láìkọsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì yẹn náà ni mo ti pe ìyá mi. Ó yọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi mí jẹ baálẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí mo máa ń jókòó sẹ́yìn ilé, tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò á máa bú, tí màá sì máa ro ó pé bí mo bá sọnù lọ́la, ta ló máa bèèrè mi yàtọ̀ sí Àǹtí Uju? Àdáwà burú. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé n kò lè ṣàròyé. Ta ni màá sọ fún pé èdè tí mo gbọ́ láti inú ìyá mi wá ni wọ́n ń sọ yí mi ká, síbẹ̀ tí n kò ní ẹnìkan? Ohun kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn: kí ẹni tó jẹ́ ará ibẹ̀ wò mí lójú, kó sọ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, pé ọmọ àwọn ni mí. Mo rò pé lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ ọ, ara mi á balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ìbò ni Madame kan àti ọkọ rẹ̀ dé láti Paris. Mo mú wọn rìn yí Fẹ́sítákì ká. Mo fi àwọn títì tó fẹ̀ hàn wọ́n, àti àwọn ilé tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, àti ilé ẹ̀kọ́ tí Àǹtí Uju lọ nígbà tó wà ní kékeré. Bí a ṣe ń lọ ni ìran náà ń sú Madame. Ó ní irú ilé báyìí kún ẹ̀yìn Paris fọ́fọ́. Àfi ìgbà tí a rí ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi ni ara rẹ̀ tó yá gágá. Ó ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú, ó yà á láti ẹ̀yìn, ó yà á títí ọkùnrin náà fi fi ìbínú ti ọmọlanke rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a padà délé, ó ní kí n dúró síwájú géètì, òun fẹ́ ya fọ́tò ilà tí wọ́n kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Àǹtí Uju wá dúró tì mí nínú jíǹsì àti wíìgì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Madame fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kó kúrò nínú fọ́tò. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí agbára mi ṣe mọ. Àǹtí Uju sún.

"Ó ní mi ò jọ Áfíríkà tó," ló wí, ó sì tún rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo jọ ọ́. Yáa ṣe ojú ẹ dáadáa."

Mi ò dá Madame lẹ́bi. Èmi náà, fọ́tò búrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó wá wòran, ohun tí kò sí nílé rẹ̀ ló ń wá. Èyí tó bá jọ ti ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ á fò ó. Bó bá sì ti yan ohun tó máa rí, ó ti yan ọ̀nà tó máa gbà nìyẹn, ó ti yan ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀ àti ẹni tó máa ní kó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rò pé arìnrìn-àjò nìkan ló ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ dìbò ní in. Ìyàtọ̀ tí arìnrìn-àjò máa rí tó máa sáré lọ bá, òun gan-an ni olùdìbò máa rí tí ẹ̀rù á máa bà á. Kì í ṣe Èkó nìkan. Nílé wa náà, bí ìbò bá dé, abúlé tí olùdíje ti wá la máa ń kọ́kọ́ bèèrè, ká tó bèèrè ohun tó fẹ́ ṣe.

Àwọn tó ti ń bá ara wọn jẹun láti ọjọ́ pípẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn ní orúkọ bàbá. Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn pé àwọn àjèjì fẹ́ gba Èkó, kí ọmọ onílẹ̀ jáde. Ó dé orí fóònù tèmi náà, láti ọwọ́ aládùúgbò wa kan. Èmi tí mo jẹ́ àjèjì gan-an, tí ìwé ìrìnnà mi wà lábẹ́ pílò, wọ́n ní kí n ṣọ́ra fún àjèjì. Mo fi han Àǹtí Uju, mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, ó ní kí n sin òun lọ. Orúnkún ń dùn ún, láìnì á sì gùn, kí n bá òun gbé àga oníke kan dání. Ibi tí wọ́n ti ń dìbò kò jìnnà sí wa, èèyàn lè rí géètì wa láti ibẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń dìbò láti ìgbà tó ti dàgbà tó ẹni tó ń dìbò. Ó fi káàdì ìdìbò kọ́ ọrùn bí ọmọ ilé ìwé, ó kun ètè, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé òun ò jáde.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà tó wọ ibẹ̀. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìbò, mi ò mọ ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀. Àgbàlagbà kan jókòó láàárín wọn nínú agbádá funfun, Bàbá ni gbogbo wọn ń pè é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà di káàdì tó wà lọ́rùn Àǹtí Uju mú, ó ka orúkọ rẹ̀ sókè, ó sì wo ojú Bàbá.

"Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sílé," ló wí. Kò pariwo. "Ẹ má jẹ́ kó di wàhálà."

"Wàhálà wo? Káàdì mi rèé. Ibí ni wọ́n kọ sí i."

"Ẹ lọ dìbò lọ́dọ̀ yín."

"Ọ̀dọ̀ wa wo? Ilé mi lẹ̀ ń wò lọ́hùn-ún yẹn, èyí tó ní géètì búlúù." Ó yíjú sí àgbàlagbà náà. "Bàbá, ẹ̀yin mọ̀ mí. Ṣebí ẹ wá bá mi kẹ́dùn nígbà tí màmá mi kú?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Mo wá," ló wí. "Mi ò bá ẹ jà, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tòní yàtọ̀ ni."

Obìnrin kan tó máa ń wá pọn omi nínú ilé wa bí kò bá sí iná wà lórí láìnì. Ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń wo nǹkan mìíràn.

Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mi ò ní káàdì, mi ò ní ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ẹni ńlá kankan. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé nìkan ni mo ní. Mo gbé àga sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí títì, àyà mi kan ọ̀dà, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí mi dìbò. Nítorí Ọlọ́run, ẹ fọwọ́ wọ́nú."

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi ní ìpá. Bàbá dìde lórí ìjókòó rẹ̀.

"Háà! Ẹ wò ó! Ẹ wo ọmọ gidi! Ìgbà wo lẹ ti rí irú èyí gbẹ̀yìn l'Ékòó? Dìde, ọmọ mi, dìde. Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Kétu, sà. Kétu Alákétu."

"Alákétu!" Ó fọwọ́ kan ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Mo ti mọ̀! Ìyá tó bí bàbá mi gan-an, apá ibẹ̀ yẹn ló ti wá. Ẹ gbà á wọlé. Kó lọ dúró níwájú."

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi ná, sà. Èmi kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Mi ò ní káàdì, òfin ò tiẹ̀ gbà kí n dìbò. Èmi ni àlejò. Àǹtí ni ọmọ ibí, ibí ni wọ́n bí wọn sí."

Bàbá rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dùn, tí kò ní ìkà kankan nínú.

"Àlejò báwo? Òyìnbó ló fi rúlà fa ilẹ̀ sí méjì. Ṣé wọ́n bi wá kí wọ́n tó fà á ni? Ọmọ wa ni ẹ́, ṣé o gbọ́? Ọmọ wa ni ẹ́."

Ó ti dé. Ohun tí mo ti ń retí láti ìgbà tí mo ti dé Èkó ló jáde lẹ́nu àgbàlagbà yìí, ní gbangba, lójú gbogbo èèyàn. Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní inú mi ò dùn. Inú mi dùn, fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo rí Àǹtí Uju tó dúró nínú oòrùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà ti gbé àga rẹ̀, ó ti gbé e sí ìdí mi, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti rẹ̀ yín." Ẹlòmíràn já píọ̀ wọ́tà fún mi.

Mi ò jókòó. Mo tún ṣàlàyé. Mo sọ orúkọ ìlú mi, mo sọ irú ìwé tí mo fi wọlé, mo ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi délé kí n lọ mú un wá. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni Yorùbá mi ń dùn létí wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bẹ mí kí n máa sọ̀rọ̀ lọ. Bàbá ní ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀. Mo ní bí wọn ò bá gba Àǹtí Uju wọlé, èmi náà ò wọlé. Wọ́n ní ọmọ olóòótọ́ ni mí.

Àǹtí Uju kò sunkún. Ó bọ́ káàdì náà kúrò lọ́rùn, ó tì í bọ àpò.

"Àbúrò, má bẹ̀ wọ́n mọ́," ló wí, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Gbé àga mi, ká máa lọ."

Wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn lọ́jọ́ ìbò, nítorí náà Madame àti ọkọ rẹ̀ ti jókòó sílé láti àárọ̀, ó ti sú wọn. Bí a ṣe wọlé ni wọ́n bi mí bóyá mo lè mú àwọn lọ wo bí wọ́n ṣe ń dìbò. Mo ní ó rẹ̀ mí. Àǹtí Uju ń wá oògùn orúnkún rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀.

"Mú wọn lọ," ló wí. "Ìwọ ni wọ́n máa gbà wọlé."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Iṣẹ́ mi ni, mo sì mú wọn lọ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rí òyìnbó méjì, wọ́n yà lọ́nà kíá. Kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ. Wọ́n dúró fún fọ́tò, wọ́n na ìka sókè, Bàbá sì ní kí wọ́n wá àga fún Madame.

"Sọ fún wọn pé ẹ káàbọ̀," ló wí fún mi. "Sọ fún wọn pé Èkó gba gbogbo èèyàn."

Mo sọ fún wọn. Madame ní kí n sọ fún Bàbá pé òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti mọ àlejò í ṣe báyìí rí. Mo sọ ìyẹn náà. Mo dúró láàárín wọn, mò ń gbé ọ̀rọ̀ dídùn láti apá kan lọ sí èkejì, kò sì sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn. Ohun tí ojú kálukú rí náà ló ń sọ. Èmi tí mo rí gbogbo rẹ̀, mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, ní Yorùbá tàbí ní Faransé.

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí Uju ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì, èmi ń nù wọ́n. Ìyá mi pè. Kì í ṣe ọjọ́ tó máa ń pè, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un pé wọ́n ń dìbò ní Nàìjíríà, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Ohùn ìyá mi máa ń ga lórí fóònù, kò sí bí mo ṣe lè fi pa mọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ṣé wọn ò fìyà jẹ ọ́?" ló bèèrè. "Ṣé wọn ò lé ọ, ìwọ ọmọ àjèjì?"

"Wọn ò lé mi, Ìyá."

"Kí wá ni wọ́n sọ?"

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún un. Mi ò sì mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ òótọ́ rẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní ọmọ àwọn ni mí."

Ìyá mi hó fún ayọ̀. Ó pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá gbọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó bèèrè ẹni tó sọ ọ́, mo ní bàbá àgbàlagbà kan ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún bàbá náà. Lẹ́yìn náà ló ṣe tèmi.

"Ibi tí wọ́n ti gbà ọ́ yìí, wọn ò ní lé ọ kúrò níbẹ̀. Ilé tí o bá ń gbé, wọn ò ní sọ ọ́ di àlejò nínú ẹ̀. Ẹlòmíràn ò ní gba àyè rẹ láéláé."

Omi ẹ̀rọ dákẹ́. Àǹtí Uju ti pa á. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́, kò sì sí èyí tí kò yé e. Abọ́ kan náà ni mò ń nù ṣáá.

"Ṣé o wà níbẹ̀?" ni ìyá mi wí. "Àbí o ò gbọ́ àdúrà ni?"

Àǹtí Uju nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Kò wo ojú mi.

"Ṣe àmín, jàre," ló wí. "Ìyá ẹ ń dúró."

Mo ṣe àmín.